Ṣé dandan ni kí Kristẹni máa yọ̀ nígbà tí ìyà bá ń jẹ ẹ́?

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ogójì èèyàn ó lé, títí kan àwọn ọmọdé. Tí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, tàbí tí àìsàn bá gbé ọmọ ẹnì kan lọ, tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, ìwàásù méjì tó ń ta ko ara wọn la máa ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ní ọmọ Ọlọ́run kì í jìyà, pé tí ìyà bá fi lè jẹ ẹ́, kó o lọ yẹ ayé ẹ wò, ó ní ibi tó ti jò. Ìkejì ní Bíbélì ti sọ pé ká máa yọ̀ nínú ìpọ́njú, torí náà nu ojú ẹ, dìde, jó. Ẹni tí ọ̀ràn kàn á wá dúró sáàárín méjèèjì, kò ní mọ èyí tóun máa dì mú, ṣé kó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó pa ọmọ ẹ̀ kiri ni àbí kó máa jó tẹ̀ lé pósí.

Mo mọ àwọn tí wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kì í ṣe torí pé wọn ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ o, torí pé ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti ráyè sunkún ni. Ó dùn mí dénú. Ohun tí Bíbélì sọ nípa ayọ̀ nínú ìyà, ọ̀rọ̀ tó lè gbé èèyàn ró ni, àmọ́ bí a ṣe ń jù ú lu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ti sọ ọ́ di ẹrù tuntun tí wọ́n ń gbé lé wọn lórí. Ẹ jẹ́ ká rọra tú u wò.

## Irú ìyà wo là ń sọ, irú ayọ̀ wo sì ni?

Ìyà ò rí bákan náà. Ìyà kan wà tó jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ló fà á, bíi ti àwọn àpọ́sítélì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5, tí ìgbìmọ̀ ní Jerúsálẹ́mù nà wọ́n, tí wọ́n sì jáde níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀ torí pé a kà wọ́n yẹ láti gba ìtìjú nítorí orúkọ Jésù. Ìyà míì wà tó jẹ́ ti ayé yìí lásán, tonígbàgbọ́ taláìgbàgbọ́ ló ń jẹ ẹ́: àìsàn, ọ̀fọ̀, ọjà tí ò tà, ọmọ tí ò tètè dé. Òmíì jẹ́ pé ìwà ìkà ẹlòmíì ló kó bá èèyàn. Òmíì sì wà tá a fọwọ́ ara wa fà, àpọ́sítélì Pétérù ò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ lórí ìyẹn, nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ orí 4 ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má jìyà bí apààyàn tàbí olè tàbí ẹni tó ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn. Ẹni tó kó owó ìjọ jẹ tí ọlọ́pàá wá mú un, kò lè sọ pé inúnibíni ni wọ́n ń ṣe sóun.

Ìdàrúdàpọ̀ tó pọ̀ jù máa ń wá látinú kéèyàn mú ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n sọ fún irú ìyà kan, kó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíì. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ẹni tí wọ́n nà torí Jésù, wọ́n á lọ kà á fún obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń nà torí ọbẹ̀.

Ayọ̀ náà ńkọ́? Inú wa máa ń dùn tí owó bá wọlé, tí ọmọ bá yege, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tí Bíbélì ń sọ jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ, ìfọkànbalẹ̀ ni, pé Ọlọ́run ò tíì jọ̀wọ́ mi, pé ìfẹ́ tó ní sí mi ò dín kù lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan dà rú. Ó lè wà nínú àyà kan náà pẹ̀lú ìbànújẹ́, kò ní lé ìbànújẹ́ jáde, ìbànújẹ́ náà ò sì ní lé e jáde. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

## Ṣé lóòótọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń kọrin nínú ẹ̀wọ̀n?

Lóòótọ́ ni. Ìtàn yìí ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí, ó sì wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, àmọ́ mo fẹ́ ká kà á dé òpin torí pé ibi tó dùn mọ́ wa nìkan la máa ń dúró sí.

Ìlú Fílípì ló ti ṣẹlẹ̀, ní Makedóníà, ìlú tó wà lábẹ́ òfin Róòmù pátápátá. Ọmọdébìnrin ẹrú kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ, àwọn olówó ẹ̀ sì ń fi rí owó rẹpẹtẹ. Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí náà jáde, owó àwọn ọ̀gá yẹn sì dá, ni wọ́n bá wọ́ òun àti Sílà lọ sójú ọjà, wọ́n parọ́ mọ́ wọn, wọ́n fa aṣọ wọn ya, wọ́n fi ọ̀pá lù wọ́n láì gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì jù wọ́n sí inú lọ́hùn-ún nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà. Ọ̀gànjọ́ òru, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti bó yẹn, wọ́n ń gbàdúrà wọ́n ń kọrin sí Ọlọ́run, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù sì ń fetí sí wọn. Ilẹ̀ mì tìtì, ilẹ̀kùn ṣí, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n fa idà yọ kó pa ara ẹ̀ torí ó rò pé wọ́n ti sá lọ, Pọ́ọ̀lù kígbe pé má ṣe ara ẹ léṣe o, gbogbo wa wà níbí. Ọkùnrin yẹn fọ egbò wọn, ó sì ṣèrìbọmi lóru ọjọ́ náà, òun àti gbogbo ará ilé ẹ̀.

Ibi tí ìwàásù sábà máa ń parí sí nìyẹn. Àmọ́ ilẹ̀ mọ́ o! Àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Pọ́ọ̀lù tó ń kọrin lóru ní rárá. Ó ní ọmọ ìlú Róòmù làwa, ojúta ni wọ́n ti lù wá láì dá wa lẹ́jọ́, ṣé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n wá fẹ́ ti wa jáde? Kí wọ́n wá fúnra wọn wá mú wa jáde. Ẹ̀rù ba àwọn adájọ́ yẹn, wọ́n wá, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n.

Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó kọrin lóru, òun náà ló béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀ láàárọ̀. Ayọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sọ pé nítorí pé Ọlọ́run fi ìyà yẹn gba onítúbú là, ohun táwọn adájọ́ yẹn ṣe dáa. Ó ṣe pàtàkì ká di èyí mú torí gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, orí ẹ̀ ló dúró lé.

## Kí ló ń fún un láyọ̀ gan-an?

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, Pọ́ọ̀lù tún wà látìmọ́lé, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé Róòmù ni, ní nǹkan bí ọdún 60 sí 62 lẹ́yìn ìbí Jésù. Látibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà sí ìjọ tó wà ní Fílípì yìí kan náà. Lẹ́tà kékeré ni, orí 4 péré, àmọ́ ayọ̀ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ibẹ̀ ni "ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo" ti wá.

Ẹ kà á pẹ̀lú sùúrù, ẹ ò ní rí ibi tó ti sọ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dùn. Ohun tó ń yọ̀ sí jẹ́ àwọn nǹkan gidi tó ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ òun ti gbọ́ nípa Kristi, àwọn tí ì bá má ráyè gbọ́ tí kì í bá ṣe pé òun wà níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ń gbàdúrà fóun. Ó ní tóun bá wà láàyè, ti Kristi lòun, tóun bá kú, èrè ni. Ó sì tún ń yọ̀ sí ẹ̀bùn, torí láyé ìgbà yẹn àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń gbé oúnjẹ àti aṣọ lọ fún ẹlẹ́wọ̀n, ìjọba ò ráyè ìyẹn, àwọn ará Fílípì sì dáwó jọ, wọ́n fi rán Epafíródítù.

Epafíródítù yìí ṣàìsàn débi pé ó kù díẹ̀ kó kú. Kí ni Pọ́ọ̀lù, ọ̀gá ayọ̀, sọ? Kò sọ pé tó bá kú náà, ògo ni. Ó ní Ọlọ́run ṣàánú ọkùnrin yẹn, ó sì ṣàánú òun náà, kí ìbànújẹ́ má baà gun orí ìbànújẹ́ fóun. Tó bá di orí 3, ó ní ẹkún lòun fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn. Ẹkún! Nínú lẹ́tà tó kún fún ayọ̀ jù lọ nínú gbogbo lẹ́tà ẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé Kristẹni tó ń yọ̀ kì í sunkún, kò tíì ka lẹ́tà náà dé ìdajì.

Ohun kan tún wà ní orí 4 tó máa ń tù mí nínú gan-an. Pọ́ọ̀lù ní òun ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ní ìtẹ́lọ́rùn, yálà òun yó tàbí ebi ń pa òun. Kíkọ́ ló kọ́ ọ, kò bí i mọ́ ọn, kò sì dé lọ́jọ́ kan. Nítorí náà ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lóṣù tó kọjá tí ò tíì rí ayọ̀ kankan nínú ara ẹ̀, kò kùnà o, ẹ̀kọ́ tí àpọ́sítélì náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni wọ́n ní kó mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

## Ṣé ìyà wá di ohun rere nìyẹn?

Rárá o. Tiwa-n-tiwa ni mo máa fi ṣàlàyé èyí, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ dáa ju Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lọ.

Ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ìlú Òṣogùn, Àjàyí ò ju ọmọ ọdún bíi mẹ́tàlá lọ. Bàbá ẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, kò tún fojú kan bàbá náà mọ́. Wọ́n kó òun, ìyá ẹ̀, àwọn àbúrò ẹ̀, wọ́n so wọ́n lókùn, wọ́n sì fi òun nìkan ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìbànújẹ́ sì wọ̀ ọ́ lára débi pé ó rò ó láti pa ara ẹ̀. Wọ́n gbé e dé Èkó, wọ́n tà á fún àwọn Potogí, oṣù kẹrin 1822 sì ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti gba Jésù gbọ́, ó ṣèrìbọmi ní 1825.

Lọ́dún 1837, nígbà tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan, ó sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n kó wọn. Ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, torí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n fipá lé òun kúrò nílé bàbá òun tí wọ́n sì yà òun nípa sáwọn ẹbí òun. Ó wá ní òun tún ti kọ́ láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún, torí pé ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run yàn fóun láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò lọ síbi tí wọ́n ti ń wàásù ìhìn rere. Ó fún ọjọ́ kan náà ní orúkọ méjèèjì, ó sì sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò fi èkejì pa èkíní rẹ́.

Ìbùkún tó rí níbẹ̀ ò sì sọ òwò ẹrú di ohun rere lójú ẹ̀, gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi bá òwò náà jà. Ọlọ́run lè fa nǹkan rere jáde látinú ibi, ìyẹn ò sọ ibi di rere, kò sì sọ oníbi di aláìlẹ́bi. Jósẹ́fù náà sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Íjíbítì, ó ní ibi lẹ gbèrò sí mi, Ọlọ́run ló gbèrò rẹ̀ sí rere. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò fo ti àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kí ìtàn parí sí ẹ̀rí. Ti Crowther náà ní ẹ̀rí, lóṣù kẹjọ 1846 ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ìyá ẹ̀ wá a rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà ń gbọ̀n, kò gba ojú ara ẹ̀ gbọ́, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n kàn ń wo ara wọn láì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó di 1848, ìyá yẹn ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ní 1890, nígbà tí bàbá ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan wá sí ìjọ tó dá sílẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró, wọ́n fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú, wọn ò tíì dá iyì ẹ̀ pa dà fún un. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo ìyà onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ parí sí ẹ̀rí kó tó kú, kó wá sọ fún wa ibi tó fẹ́ fi Bíṣọ́ọ̀bù wa sí.

## Báwo wá ni ìyà ṣe ń mú èèyàn sún mọ́ Ọlọ́run?

Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílé Yorùbá, èrò á wá, wọ́n á kí, wọ́n á jẹ, wọ́n á lọ. Àmọ́ ẹnì kan máa ń wà tó máa kó ẹní ẹ̀ wá, tó máa sùn ti ọlọ́fọ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹjọ, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, á kàn máa bu omi fún un, á máa jí tó bá jí lóru. Kò jí òkú dìde. Síbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ, àárín òun àti ọlọ́fọ̀ yẹn ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí pé ọlọ́fọ̀ ti mọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́ sóun. Ohun tí àwọn Kristẹni tó ti la omi àti iná kọjá ń sọ nípa Ọlọ́run nìyẹn. Jóòbù sọ ọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà ẹ̀, ó ní etí lásán lòun fi ń gbọ́ nípa Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní báyìí ojú òun ti rí i.

Ohun kan tó ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ìyà máa ń gba ohun tá a fi ara tì lọ́wọ́ wa. Nínú lẹ́tà kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, Pọ́ọ̀lù ní ìpọ́njú tó bá àwọn ní Éṣíà wúwo ju agbára àwọn lọ débi pé àwọn ò retí pé àwọn máa yè, ó sì ṣẹlẹ̀ kí àwọn má baà gbẹ́kẹ̀ lé ara àwọn mọ́, bí kò ṣe Ọlọ́run tó ń jí òkú dìde. Nígbà tí owó wà tí ara le tí gbogbo èèyàn ń kí wa ní ọ̀gá, àdúrà wa lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tá a ti há sórí. Ọjọ́ tí dókítà bá sọ èsì tí a ò fẹ́ gbọ́, àdúrà á kúrú, á sì jẹ́ òótọ́, "Olúwa, gbà mí" péré.

Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ú lọ ni pé Ọlọ́run tí à ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí ìyà. Ìgbàgbọ́ Kristẹni dúró lórí pé Ọlọ́run wá di èèyàn nínú Jésù, wọ́n dà á, wọ́n nà án, wọ́n kàn án mọ́ igi, ó sì ké pé Ọlọ́run mi, kí ló dé tó o fi kọ̀ mí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé Hébérù fi ní a ní olórí àlùfáà tó lè bá wa kẹ́dùn. Nítorí náà tí onígbàgbọ́ bá ń jìyà, kì í ṣe ibi tí Ọlọ́run ò dé rí ló wà. Ibi tí Jésù ti kọjá ni. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń pè ní ìdàpọ̀ nínú ìyà Kristi nìyẹn, nínú Fílípì orí 3, ibẹ̀ sì ni ayọ̀ yẹn ti ń sun bí omi látinú àpáta.

Àmọ́ kì í ṣe pé ìyà fúnra ẹ̀ ní agbára o. Ìyà ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di òǹrorò, ó ti lé àwọn míì jìnnà sí Ọlọ́run, mi ò sì ní bú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyà kì í ṣe owó tá a fi ń ra ojú rere Ọlọ́run, kéèyàn wá máa fi ebi pa ara ẹ̀ torí ó rò pé bí òun bá ṣe jìyà tó ni Ọlọ́run á ṣe fẹ́ràn òun tó. Ohun tí Jésù ṣe lórí igi ti tó.

## Ṣé ká má wá gbàdúrà kí ìyà lọ mọ́ ni?

Ẹ gbàdúrà o! Jésù fúnra ẹ̀ gbà á ní Gẹtisémánì, ó ní tó bá lè ṣeé ṣe, kí ife yìí kọjá lórí òun. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀gún tó wà nínú ẹran ara ẹ̀ kúrò. Wọn ò gbé e kúrò fún un, Olúwa ní oore-ọ̀fẹ́ òun tó fún un, àmọ́ kò bá a wí pé ó béèrè.

Ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́, ṣebí látinú ìyà ni Aládùúrà ti ṣẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ń pa èèyàn bí ẹní pa eṣinṣin, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn, àdúrà ìwòsàn ni wọ́n dojú kọ. Àwọn tó mọ̀ pé ìyà wà ló gbàdúrà báyẹn. Àwọn ará Kátólíìkì ní ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà, wọ́n á ní kí aláìsàn fi ìrora ẹ̀ rúbọ pọ̀ mọ́ ti Jésù nítorí àwọn ẹlòmíì, Póòpù John Paul Kejì tí wọ́n yìnbọn lù ní 1981 sì kọ lẹ́tà gígùn lórí ẹ̀ ní 1984. Níbi témi wò ó dé, ọ̀nà méjèèjì ò ba ara wọn jà. Ẹ lè bẹ Ọlọ́run láàárọ̀ pé kó mú un kúrò, kẹ́ ẹ sì sọ fún un lálẹ́ pé tí ò bá tíì lọ, Olúwa, má fi mí sílẹ̀ nìkan nínú ẹ̀.

## "Agbélébùú mi ni mò ń gbé": ìgbà wo ni kì í ṣe agbélébùú?

Ibi tí inú mi ti máa ń ru nìyí. Wọ́n á lu obìnrin lálùbami nílé, ó máa lọ bá àwọn àgbà ìjọ, wọ́n á ní kó pa dà, kó máa fàyà rán an, agbélébùú ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Agbélébùú tí Jésù ní ká gbé ni ohun tó máa ná wa láti tẹ̀ lé e, kò sí ibi tó ti ní ká fi ara wa fún ọwọ́ ẹni tó ń hùwà ọ̀daràn. Ẹ rántí Pọ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n ń lù lè jáde kúrò nínú ilé náà, kó sì lọ fi ẹjọ́ sùn, kó sì wà nínú ìgbàgbọ́ ẹ̀ digbí.

Bákan náà ni ẹni tí oògùn àìsàn ẹ̀ wà tí wọ́n ní kó má lò ó torí pé ìjìyà ń sọ ọ́ di mímọ́. Pọ́ọ̀lù tí ẹ̀gún wà lára ẹ̀ yìí náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú ẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Jákọ́bù tó ní ká ka onírúurú ìdánwò sí ayọ̀ ní orí 1, òun náà ló ní ní orí 5 pé kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n fi òróró yàn án. Ìyà tó ṣeé mú kúrò lọ́nà tó tọ́, ẹ mú un kúrò.

## Tí ayọ̀ náà ò bá wá rárá ńkọ́?

Ẹ lọ ka Sáàmù 88. Ọ̀pọ̀ Sáàmù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún ló ń parí sí ìyìn, èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì, àdúrà ni, Ọlọ́run ni onítọ̀hún sì ń bá sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ló fi ń sọ ọ́. Ẹni tó ṣì ń bá Ọlọ́run jà kò tíì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè sọ lónìí ni "kí ló dé?", ẹ sọ ọ́ fún un, sáàmù ni.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíì ni nǹkan ṣe tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kí i, ẹ kọ́ lára àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje òru méje láì sọ̀rọ̀, ìyẹn lohun tó dáa jù tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìdí tí ìyà fi ń jẹ ẹ́, ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run sì sọ fún wọn ní orí 42 pé wọn ò sọ̀rọ̀ òun bó ṣe tọ́. Ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ bá a lọ gbé àwọn ọmọ ẹ̀ níléèwé. Ẹ má sọ fún un pé Ọlọ́run ló nílò òdòdó nínú ọgbà ẹ̀, ẹ má ní ó kéré tán ó ṣì ní ọmọ méjì. Tó bá bi yín pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi gbà á láyè, ẹ lè ní ẹ ò mọ̀, kò sẹ́ni tó máa pè yín ní aláìnígbàgbọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ò ti lè jẹun tí ò lè sùn, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan o, ẹ bá a lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà fún un bẹ́ ẹ ṣe ń lọ nínú mọ́tò.